Má-Fọwọ́-Kàn-Án àti Abẹ́rẹ́ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo ilé ń pe àǹtí mi, àbúrò bàbá mi. Bí ẹ bá wọ ilé rẹ̀, kí ẹ tó jókòó, ó ti ní kí ẹ lọ fọwọ́. Ìbọ̀wọ́ ló fi ń gé búrẹ́dì. Èmi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, tí mo bá fẹ́ gbá a mọ́ra, ẹ̀yìn ni yóò kọ sí mi, á ní kí n ṣe é láti ibẹ̀. Mo ti bínú sí i títí, ó ti sú mi.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gbìyànjú láti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro. Kálukú ló ní tirẹ̀. Wọn á mú díẹ̀ lára kókó tí dókítà gé jáde, wọn á wá àmì tí kò sí lára ẹran ara tó dá ṣáká, wọn á sì kọ àmì yẹn sínú nǹkan tí wọ́n ń pè ní mRNA. Ìránṣẹ́ ni. Tó bá dénú ara, á sọ fáwọn ọmọ ogun ibẹ̀ pé, "Ẹ wo ojú ọ̀tá yín." Àmọ́ ẹlẹgẹ́ ni ìránṣẹ́ yìí. Ohun tó wà lára ìka wa àti nínú itọ́ wa ti tó láti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ibà pọ́njú la pe àìsàn bàbá mi nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n. Télọ̀ ni bàbá mi. Ara ń yún un débi pé rúlà tó fi ń wọn aṣọ ló fi ń họ ẹ̀yìn. Àṣé jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ní ó ṣì lè padà hù, pé kí àjẹsára tètè dé kí ara rẹ̀ tó rẹ̀ ju ohun tó lè gbà á lọ.

Òfin ibi iṣẹ́ àǹtí mi ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ti ẹbí rẹ̀. Wọ́n bá gbé ti bàbá mi fún ọkùnrin kan tí àǹtí mi fúnra rẹ̀ sọ ní Ọ̀gbẹ́ni Díẹ̀díẹ̀.

"Kí ẹni yẹn tó bu omi sí ife," ó máa ń wí, "òùngbẹ á ti pa ẹni tó bẹ̀ ẹ́."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n ní kí àǹtí mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Díẹ̀díẹ̀ kọ̀yìn láti gbé yìnyín. Ni àǹtí mi bá yọ́ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sórí ìgò kékeré tí ìránṣẹ́ bàbá mi wà nínú rẹ̀, tó ṣí sílẹ̀, ó fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀, ó gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àdúrà onítara, tí itọ́ ń ta jáde nínú rẹ̀. Àmín ló kù kó tó rántí ibi tó wà.

Ọkùnrin yẹn kò ì tíì yíjú padà. Àǹtí mi lè dákẹ́, kò dákẹ́.

"Mo ti bà á jẹ́," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìránṣẹ́ náà ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ lóòótọ́. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àǹtí mi wá sílé wa, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo fà á tí abẹ́rẹ́ yín yóò fi pẹ́."

"Kí lo ṣe?"

"Mo gbàdúrà sí i."

Bàbá mi wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ń di ojú abẹ rẹ̀ mú. "Àdúrà rẹ mà lágbára o! Ó pa oògùn kó tó kan àrùn!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń gbẹ lójú mi.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi iṣẹ́ ni àǹtí mi jókòó sí, ó fi ìdí tẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Díẹ̀díẹ̀ ò kánjú. Abẹ́rẹ́ náà pé, ó dá ṣáká, bàbá mi sì ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Dókítà ò fi pa mọ́ pé ìgbìyànjú ni, pé kò sẹ́ni tó lè búra pé yóò ṣiṣẹ́. Bàbá mi, télọ̀ tó ti ń fabẹ́rẹ́ jẹun látọjọ́ tó ti dáyé, wá ń gbọ̀n nítorí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ tó fara ti ògiri.

"Má-fọwọ́-kàn-án, wá dì mí lọ́wọ́ mú."

Àǹtí mi bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó dì í mú. Nọ́ọ̀sì ti fabẹ́rẹ́ yọ tán, ó ti lẹ owú mọ́ ọn, àǹtí mi kò tíì fi ọwọ́ bàbá mi sílẹ̀. Mo lọ gbá àǹtí mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, bí ìṣe wa.

Ó yí gbogbo ara padà, ó kọjú sí mi.