Àwọn Tó Ń Fláàṣì Ni Mo Yọ Kúrò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara ń tì mí lónìí o.

Èmi ni mo ń bójú tó fóònù ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún rìpọ́ọ̀tù àwọn tó ń pè wá, èyí tí a fi ń mọ ẹni tí a máa pè padà, ṣe: ẹni tí kò bá fi ohùn sílẹ̀ lórí fóònù kò ní hàn níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá mi yìn mí.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Sùkúrà, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa, fẹsẹ̀ rìn láti Bọ́ládé wá béèrè èsì àyẹ̀wò ọmọ wọn. Èsì náà ti jáde tipẹ́.

"Mà, kí ló dé tẹ́ ò pè?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń fláàṣì yín, pé ẹ máa pè mí padà. Ẹ má bínú, àǹtí, mi ò ní káàdì ni."

Èmi náà ní, "Kò burú, mà."

Kò burú kẹ̀! Ẹ bú mi, mo ti jókòó dè yín.