Ẹ̀wù Irin Bàbá Àgbà

Bí mo bá gbọ́ tí iyanrìn ń dún nínú àpò, bàbá àgbà ni mo máa ń rántí. Inú àpò iyanrìn ló ti máa ń yí ẹ̀wù irin baba rẹ̀, òrùka kéékèèké tí wọ́n kọ́ mọ́ra, kó má baà dógùn-ún.

"Ọ̀bẹ ò ràn án, idà ò ràn án," á ní. "Ọta ìbọn nìkan ló ń gba inú rẹ̀ kọjá."

Nígbà Rẹfolúsíọ̀n, tí sójà gbàjọba, tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kámárádì, ọ̀gá kómítè àdúgbò wa ní Ouando fi bàbá mi lé sójà lọ́wọ́. A ò rí i mọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá náà gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yìnbọn pa òun, ló bá wá gba ẹ̀wù náà.

"Bàbá, ṣé ọta ò ní wọlé?"

Bàbá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún un.

"Máa lọ, kámárádì. Má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́."