Àkísà Tí Mo Fi Wé Bẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí bẹ́ẹ̀lì ẹnu géètì fojú mi rí ní Ìlaròó.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ni mò ń gbé. Ìrẹsì Kùtọ̀nù ni wọ́n ń tà nínú ilé. Àwọn ló ra bẹ́ẹ̀lì náà bọ̀ láti ọ̀hún. Ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré! Ojú sì máa ń tì mí láti bá àlejò sọ̀rọ̀. Bó bá ti dún, àyà mi á já.

Ni ìjọba bá ti bọ́dà. Ìrẹsì tán, Àǹtí gba Èkó lọ wá òwò mìíràn ṣe, ó wá ku èmi nìkan. Màámi ránṣẹ́ láti Ìmẹ̀kọ pé bí ọlọ́kadà bá ti rí epo rà, àwọn á wá wò mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú.

Ṣùgbọ́n ṣé àwọn oníbàárà sinmi? Àárọ̀, bẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sán, bẹ́ẹ̀lì. “Àbúrò, ìrẹsì ti wọlé?” Ọkùnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá èmi ni mo ti bọ́dà. Ẹ gbọ́ ná!

Mo wá ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn rẹ̀ kù, n kò rí i. Faransé ló wà nínú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kíkà Yorùbá gan-an ò yá lẹ́nu mi. Mo bá fi àkísà wé àpótí rẹ̀ tó ń dún ní pálọ̀, mo fi sẹ́lótéèpù dè é. Ohùn rẹ̀ wá dà bíi ti ẹ̀fọn. Mo ní bí mo bá ṣáà ti wà ní pálọ̀, màá gbọ́.

Ara tù mí fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù fún mi. Mò ń se oúnjẹ ẹnì kan, mò ń dá a jẹ. Ṣé Màámi náà ti gbàgbé mi ni?

Lọ́jọ́ kan, Màmá tó ń ránṣọ lódìkejì títì pè mí, wọ́n gbé àpò èlùbọ́ kan fún mi.

“Ọmọ yìí, ṣé etí ẹ di ni? Ìyá ẹ ló gbé èyí wá. Wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀lì, wọ́n dúró sẹ́nu géètì yín lánàá títí! Mo ní kí n bá wọn kígbe pè ọ́, wọ́n ní rárá, bóyá o ń sùn. Ọlọ́kadà tó gbé wọn wá ló ní ilẹ̀ ń ṣú.”

Màámi kì í pariwo. Ara wọn ni mo ti jogún ìtìjú.

Mo sì wà nílé o! Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń fọṣọ, mò ń sunkún pé ẹnikẹ́ni ò rántí mi.

Mo sáré wọlé, mo ya àkísà náà dànù. Mo padà sẹ́nu géètì, mo tẹ bẹ́ẹ̀lì fúnra mi. Ó dún gba gbogbo ilé kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo sì dúró bí Màámi ṣe dúró. Kò sẹ́ni tó jáde.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: àkísà tí mo fi lé àwọn tí n kò fẹ́ rí, òun náà ló lé ẹni tí mò ń retí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti wá yín wá rí tí ẹ ò gbọ́? Ẹ kọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀. Bí n kò bá tètè fèsì, ẹ má bínú. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń kà, ṣùgbọ́n màá kà á.