Ọjọ́ Tí Màámi Wá Dúpẹ́ Ìgbéga Tí Wọn Kò Fún Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Wọ́n ní ohun tó bá dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá kò tíì tán nínú mi, mo sì ti rí i pé bí mo bá ń dá a gbé mì, kò ní í dà.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn Abẹ́òkúta níbí, lọ́nà Ọbádá. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, àpò àgbàdo ni mò ń rù. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa bójú tó àwọn tó ń rù ú, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ mí di súpáfáísọ̀. Ṣé ẹ mọ ẹni tó jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ọgbà á máa pè? Èmi nìyẹn! Mo sì fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́ fún yín.

Nígbà tí mánéjà wa àtijọ́ fẹ́ẹ́ fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó rò pé ẹlòmíràn ló máa gba ipò náà. Àwọn awakọ̀ tó ń wá kó ẹrù ti ń pè mí ní Mánéjà. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ gbá mi léjìká níjọ́ kan, ó ní kí n múra sílẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn lọ́dọ̀ tiyín? Lọ́dọ̀ tèmi o, ó ti bọ́ sí i!

Ni mo bá gba agbo ilé wa lọ, lẹ́yìn Ṣàpọ́n, mo lọ sọ fún Màámi pé ó ti bọ́ sí i.

Màámi ta abọ́ ní Láfẹ́nwá títí ẹsẹ̀ fi dá a jókòó sílé. Ilé oníṣòwò nilé wa, àtọkùnrin àtobìnrin. Èmi nìkan ni mo lọ ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ará ilé sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń gbowó oṣù kò yàtọ̀ sí ìwọ̀fà. Èmi máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Màámi kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo bí ojú rẹ̀ ṣe tàn nígbà tí mo ní mo fẹ́ẹ́ di mánéjà! Ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀, òun á máa fi í sínú àdúrà.

Ó di ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá pè wá jọ, ó ní Bùkọ́lá ni mánéjà wa tuntun.

Bùkọ́lá kì í ṣe èèyàn burúkú o. Èmi ni mo mú un káàkiri ọgbà nígbà tó dé, tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ mọ àgbàdo tí kò tíì gbẹ dáadáa. Àbúrò ló jẹ́ sí mi. Ó kàwé, ó mọ kọ̀ǹpútà lò, àwọn oníbàárà wa láti Èkó sì fẹ́ràn láti máa bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé, ó ní kí n má bínú, pé iṣẹ́ ti ń yí padà, pé tèmi náà ń bọ̀. Mo ní kò sí wàhálà, sà. Kò sí wàhálà! Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí a ń kó ẹrù sí, mo jókòó sórí àpò àgbàdo. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ní kí n lọ sọ fún Màámi kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo bá a pẹ̀lú Bàbá Ráfíù, àbúrò bàbá mi tó ti di olórí ẹbí wa báyìí, àti àwọn ìyàwó ilé díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí wọn ni Màámi bá gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ó mọ̀ pé ọjọ́ náà ni ìpàdé tí wọ́n á ti kéde mánéjà tuntun. Kò bi mí ní ohunkóhun, ṣebí èmi náà ni mo ti sọ fún un pé ó ti bọ́ sí i? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé ọmọ òun ga, tó pa ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn dé. Gbogbo ilé ń ṣe Àmín.

Ẹ sọ fún mi, ta ló ń dá àdúrà ìyá rẹ̀ dúró lágbedeméjì? Èmi náà ṣe Àmín.

Àmín yẹn ló kó bá mi. Ilẹ̀ mọ́, mo ní màá sọ fún un. Ilẹ̀ tún mọ́, mo ní ẹ jẹ́ kí ara tèmi kọ́kọ́ balẹ̀ ná.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí Bùkọ́lá wá bá mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, Màámi yín wà lọ́fíìsì ọ̀gá, àwọn àti bàbá kan.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ẹnì kan bá ṣe ọmọ wa lóore, a kì í fi ìdúpẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ náà nìkan. Àwọn àgbà á múra, wọ́n á lọ bá onítọ̀hún níbi tó bá wà, wọ́n á ní àwọn rí ohun tó ṣe. Bí wọn kò bá lọ, àfi bíi pé ọmọ náà kò lẹ́ni. Ṣé èmi kò mọ̀ ni? Mo mọ̀! Báwo ni kò ṣe wá sí mi lọ́kàn pé wọ́n á wá?

Mo sáré débẹ̀. Àpò ìrẹsì ọ̀fadà àti ìgò oyin wà nílẹ̀. Bàbá Ráfíù jókòó nínú agbádá tó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀. Màámi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá wa, ọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Màámi tí kò lè kúnlẹ̀ kírun mọ́, tó jẹ́ pé orí àga ló ti ń kí i nítorí orúnkún tó ń dùn ún! Ó fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú, ó ń sọ pé ẹni tó gbé ọmọ òun ga, Ọlọ́run á gbé ọmọ tirẹ̀ náà ga.

Ọ̀gá ti dìde, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Ó wò mí. Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń bi mí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi, ó fa Màámi dìde, ó ní ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Mama, a sì mọyì rẹ̀. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ wá.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀, àfi bí Bàbá Ráfíù ṣe ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn rí yàrá tí ọmọ àwọn á ti máa ṣiṣẹ́, kí àwọn fi àdúrà sí i. Yàrá wo?

Bùkọ́lá ti wà lẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí mo ti wọlé. Òun ló dáhùn. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Ó ṣáájú wa lọ sí yàrá mánéjà, ó yára kó báàgì àti fóònù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó wá fa àga fún Màámi.

"Ẹ jókòó, Màámi," ló wí. "Ibí ni."

Màámi jókòó. Ó ń fọwọ́ pa apá àga náà, ó ń ṣàdúrà fún ẹni tí yóò máa jókòó síbẹ̀, pé kò ní í fi ẹkún kúrò níbẹ̀, pé àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní í dìtẹ̀ mọ́ ọn. Bùkọ́lá ló ń ṣe Àmín tó dún jù. Èmi? Ilẹ̀ ni mò ń wò. Láti ọjọ́ Ẹtì ni n kò ti kí obìnrin yìí dáadáa, òun ló wá ń bo àṣírí mi lójú ìyá mi.

Mo sìn wọ́n dé ẹnu geètì. Bàbá Ráfíù lọ dá mọ́tò dúró. Màámi dì mí lápá mú, ó ń tiro, n kò sì lè gbé e sínú mọ́. Mo sọ fún un pé wọn kò fún mi, pé ọmọbìnrin tó fa àga fún un ni wọ́n fún.

Ó kọjú sí títì.

"Wọn ò tíì dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ tí mo ti bí ọ, Àkànní," ó wí. "Kí ni wọ́n fẹ́ẹ́ fún ọ tí màá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni mo bí?" Ó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀, níbi orúnkún. "Ṣùgbọ́n o wá jẹ́ kí n kúnlẹ̀."

Kò pariwo. Kò bú mi. Ó wọ mọ́tò, wọ́n sì lọ.

Ìrora ìgbéga yẹn ti kúrò lára mi báyìí. Bùkọ́lá ń ṣe dáadáa. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ló yẹ kí òun dúpẹ́, torí òun ni wọ́n ṣàdúrà fún. Màámi fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn ará ilé pé wọ́n ní kí n ṣì ní sùúrù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí ṣẹ̀sín. Bí mo bá délé, à ń jẹun, à ń ṣeré. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti wọlé báyìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé iṣẹ́ ńkọ́. Láti ọjọ́ náà, kò bi mí mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Bí wọ́n bá fò yín dá níbi iṣẹ́, ẹ kò jalè, ẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín níwájú ẹni tó bí yín. Ó máa dùn yín, ó sì máa tán. Èyí tí mo fi dídákẹ́ rà fún ara mi ni kò tíì tán.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nígbà tí wọ́n fò yín dá, ta lẹ kọ́kọ́ sọ fún, báwo lẹ sì ṣe sọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ẹ́ kà á. Ẹni tí kò bá sì tíì sọ nílé, kó pè wọ́n lónìí, kí wọ́n tó dìde láti lọ dúpẹ́.