Ìlà Méjì Inú Òǹtẹ̀ Ìbò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bok Pil-lye fi ń jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò, kì í sì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ọkọ rẹ̀ ló ní kí ó jókòó. Kì í ṣe òun nìkan pàápàá. Gbogbo ìjọ Solgae ni. Bí àwọn ará etíkun bá ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láti dìbò, inú oko aáyù ni ẹ ó ti bá àwọn ọmọ ìjọ Solgae, wọn yóò máa súfèé bí ẹni pé ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, Guk Jae-bong, ọkọ Pil-lye, ṣẹ̀ṣẹ̀ di alàgbà ìjọ ni. Òróró oyè ò tíì gbẹ lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ti kọ́ ọ ní lẹ́tà àtijọ́, àwọn tó wá láti Ṣáínà, ó sì mọ̀ wọ́n débi pé bí ẹyẹ bá tẹ ẹsẹ̀ sí ẹrẹ̀, yóò dúró kà á. Ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé láti dìbò, ṣùgbọ́n dípò kí ó tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé kí ó máa lọ, ó yí i padà, ó wo ẹnu rẹ̀. Òbìrìkítí kan ló rí, ìlà méjì sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan dúró ṣánṣán, èkejì kéré, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé yóò yà sápá ọ̀tún bí ẹ̀ka igi. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ àfọ̀ṣẹ ni, iṣẹ́ awoṣẹ́ tí Bíbélì kọ̀ fún onígbàgbọ́. Alàgbà ju òǹtẹ̀ náà sílẹ̀ bí akàn tó gé e jẹ, ó jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ya ìlà méjèèjì sójú pátákó níwájú gbogbo ìjọ. "Ẹ̀yin ará, òǹtẹ̀ aláfọ̀ṣẹ ni ìjọba ní ká fi yan olórí. Ní tèmi àti ilé mi, a ò ní í fọwọ́ kàn án." Olùṣọ́-àgùntàn ìgbà náà ò mọ lẹ́tà àtijọ́ kankan. Ó ní Àmín. Ìjọ ní Àmín. Ó parí.

Pil-lye náà ṣe Àmín. Ọdún méjì péré ló lò ní ilé ẹ̀kọ́, àbúrò rẹ̀ ló sì pọ̀n sẹ́yìn fún ọ̀kan nínú méjèèjì. Lẹ́tà ojoojúmọ́ kò sí èyí tí kò mọ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da Bíbélì kọ sínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, ìka àárín rẹ̀ sì ti tẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà àtijọ́, kò mọ ẹyọ kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní, "Ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Ṣé ìyẹn ò tó ilé kan ni?"

Kíndìnrín ló wá bá wọn tú u. Nígbà tí Pil-lye pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, dókítà ní ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Yóò wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ sílùú, ẹ̀rọ yóò dì í mú fún wákàtí mẹ́rin, yóò sì wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin padà wálé. Ó ti mọ́ ọn lára. Àfi bí wọ́n ṣe lẹ ìwé kan mọ́ ibùdókọ̀ nígbà ìrúwé pé bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin yóò ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìparí oṣù kẹfà, nítorí èrò ò pọ̀.

Dong-chae, àkọ́bí rẹ̀, pè é láti Ansan, ìlú ńlá tó jìnnà réré. "Màmá, mo ti tún yàrá ṣe fún yín. Àjà kejìdínlógún ni. Ẹ ó máa rí òkè láti ojú fèrèsé."

"Òkè wo?"

"Ilé mìíràn ni, Màmá, àmọ́ ó ga."

Pil-lye gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ dúró láàárín ìkòkò mẹ́tàlá tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí ó ń rẹ ẹ̀wà àti ata sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n lè kan bí irú. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ inú rẹ̀ dàgbà ju olùṣọ́-àgùntàn mẹ́ta lọ. Ta ni yóò gbé ìyẹn gun àjà kejìdínlógún? Ó pinnu pé òun ò lọ.

Ọkùnrin kan sì wà tó ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ma, tó ń tún ẹ̀rọ oko ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pé bọ́ọ̀sì náà ò ní í ṣíwọ́ iṣẹ́ bí òun bá wọlé. Nígbà tó dupò lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ìbò mọ́kànlá ni wọ́n fi lù ú bolẹ̀. Pil-lye fi ìka ka àwọn ọmọ ìjọ tó tó ìbò dì. Wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, nínú oko aáyù, tí wọ́n ń súfèé. Ó dùn ún bí ata tó bọ́ sójú.

Ó lọ bá olùṣọ́-àgùntàn, Pyo, ọmọkùnrin tí kò tíì ju ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ, tí ojora máa ń mú bí adìyẹ bá kọ.

"Ìyá Ìjọ, bí mo bá dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí àga ìwàásù, àwọn elétò ìdìbò á wá gbé mi."

"Mi ò ní kí ẹ dárúkọ. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ojúṣe onígbàgbọ́ ni láti dìbò."

"Alàgbà Guk ńkọ́?"

"Ta ni olùṣọ́-àgùntàn ìjọ yìí, ẹ̀yin ni àbí Alàgbà Guk?"

Olùṣọ́-àgùntàn ro ìbéèrè náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ó dáa," ni Pil-lye wí, "màá se àkàrà ìrẹsì, màá pè wọ́n wá jẹ ẹ́, màá bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra mi."

"Ẹ má dán an wò o. Bí ẹ bá fi oúnjẹ bẹ èèyàn nítorí ìbò, àti ẹni tó sè é àti ẹni tó jẹ ẹ́ ni òfin á mú."

"Nítorí náà òfin ò jẹ́ kí n bọ́ wọn, Ọlọ́run ò sì jẹ́ kí n lù wọ́n."

Ó padà sílé pẹ̀lú ìbínú tó lè se ìrẹsì jinná.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìbò, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn kan sílẹ̀ nílùú fún ẹni tó bá fẹ́ tètè dì tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tú u sílẹ̀, Pil-lye di báńdéèjì mọ́ apá, ó gba ibẹ̀ lọ. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ki bírò bọ irun ló gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Orúkọ Pil-lye wà lórí rẹ̀ ní lẹ́tà ojoojúmọ́, ti àtijọ́ sì wà nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, tiyín yàtọ̀ o. Orúkọ ìdílé bàbá yín ló wà nínú òǹtẹ̀ wa."

"Kí lo wí?"

"Bok. Ẹ wò ó." Ó gbé òǹtẹ̀ kan, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà òfìfo, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì. Ìlà kan dúró, ìlà kékeré kan yà sápá ọ̀tún. Lórí káàdì, ìlà kan dúró, ìlà kékeré kan yà sápá ọ̀tún.

Pil-lye fi ìka tọ ìlà náà. "Ṣé kì í ṣe ti àfọ̀ṣẹ ni?"

"Ó ní ìtumọ̀ yẹn náà, Màmá, àmọ́ ta ló ń ro ìyẹn? Nítorí tádàwà ni wọ́n ṣe mú un. Bí ẹ bá ká ìwé nígbà tí kò tíì gbẹ, á tẹ òjìji sí òdìkejì. Ẹ̀ka òjìji á yà sápá òsì. A ó wá mọ èyí tó jẹ́ òótọ́."

Ìwé ìbò méje, ọ̀kan fún ipò kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fún un, ó sì tẹ òǹtẹ̀ sórí méjèèje bí ẹni tó ń gún aáyù. Nínú bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin, kò wo òkun, kò kí awakọ̀. Ìgbéyàwó ọdún méjìléláàádọ́ta. Ta ló fi lẹ́tà àtijọ́ kọ ìwé ìgbéyàwó? Ta ló kọ orúkọ ìyá ọmọ sínú ìwé ìjọba, nígbà tí wọ́n bí ọmọ márààrún?

Ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń so aáyù kọ́ lábẹ́ òrùlé.

"Bàbá Dong-chae, kí ni orúkọ ìdílé bàbá mi?"

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti ń fọ ọpọlọ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ni? Bok ni."

Pil-lye na igi kan sí i. "Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́tà àtijọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́."

Alàgbà gba igi. Ó wo igi. Ó wo aáyù. Ó ní òjò ń bọ̀, kí àwọn tètè kó aáyù wọlé. Ojú ọ̀run sì mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ẹ ti mọ̀," ni Pil-lye wí.

Alàgbà fi igi náà ti ògiri.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Àìkú yẹn náà. Mo ti délé, mo ti bọ́ kóòtù, ìwọ ń bu ìrẹsì fún mi. Mo wò ẹ́ báyìí, ó sì sọ sí mi lọ́kàn."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò padà lọ sọ fún wọn?"

"Wọ́n ti ṣe Àmín."

Pil-lye jókòó sórí òkìtì aáyù. "Ẹ ń sùn ti àfọ̀ṣẹ. Ẹ bí ọmọ márùn-ún pẹ̀lú àfọ̀ṣẹ. Àfọ̀ṣẹ ló ń sebẹ̀ tí ẹ ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, tí ẹ tún ń ní kí ó bu díẹ̀ kún un. Ìwé ìbò nìkan ni ẹ ò lè fi àfọ̀ṣẹ tẹ̀."

"Orúkọ lọ́tọ̀, òǹtẹ̀ lọ́tọ̀, Ìyá Dong-chae."

"Ìyẹn gan-an ni kí ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ Àìkú."

"Màá gbàdúrà sí i."

Obìnrin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wí nígbà tí òrùlé ilé ìwẹ̀ ń jò, òrùlé náà sì ń jò di òní.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alàgbà ló kàn láti gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ayé. Ó gbàdúrà fún gúúsù, ó gbàdúrà fún àríwá, pé kí ògiri tó pín orílẹ̀-èdè wọn sí méjì wó. Ó gbàdúrà fún ẹja. Wọ́n ní adìyẹ ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn yé, ó sàba, ó sì pa, kí àdúrà náà tó dé ìdajì. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Olúwa, dárí ji ẹnikẹ́ni láàárín wa tó bá ti ṣi nǹkan kà..." Pil-lye la ojú kan. "...yálà nínú ìwé orin ni o, tàbí nínú Bíbélì." Ó pa á dé padà.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìfilọ̀, Pil-lye dìde. "Mo fẹ́ kí ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé ìjọ."

Olùṣọ́-àgùntàn ya ẹnu. "Kí ló ṣẹlẹ̀, Ìyá Ìjọ?"

"Àfọ̀ṣẹ ni mí." Ìwé orin kan já bọ́ lẹ́yìn. "Bí ó bá jẹ́ irọ́, kí Alàgbà Guk wá kọ orúkọ ìdílé bàbá mi sójú pátákó. Àwọn ló mọ̀wé."

Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ló wà láti àga Alàgbà dé pátákó, ṣùgbọ́n ó rìn ín bí ẹni tó ń rìn lọ sí Ansan. Ó kọ ọ́. Ìlà kan dúró, èkejì yà. Ṣọ́ọ̀kì kán. Gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ ti funfun nínú ìjọ ló mọ̀ ọ́n, nítorí ojú pátákó yẹn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

"Mo ṣì í," ni Alàgbà wí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn. "Mo sì ti mọ̀ látijọ́. Ojú ló tì mí. Ẹ lọ dìbò yín."

Díákónì Ye Du-man, ẹni ọgọ́rin ọdún, na ọwọ́ sókè. "Alàgbà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ nǹkan yìí, ta ló rán yín?"

"Mo rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni."

"Tòní ńkọ́?"

"Tòní, ìyàwó mi ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Díákónì Ye ò rẹ́rìn-ín. "Èmi ó dúró sí ti àkọ́kọ́."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn lọ dìbò. Wọ́n ní Alàgbà pẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wúkọ́ sí i. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tádàwà ìwé méjèèje, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òjìji kankan má baà tẹ̀ síbẹ̀. Díákónì Ye àti àwọn márùn-ún kan wà nínú oko. Wọ́n ń súfèé.

Ìbò márùn-ún ni wọ́n fi lu Ọ̀gbẹ́ni Ma bolẹ̀.

Pil-lye ò dúró jẹun àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó gba oko Díákónì Ye lọ.

"Díákónì, ìbò márùn-ún."

"Mo gbọ́. Ìfẹ́ Olúwa ni."

"Mẹ́fà ni ẹ jẹ́ nínú oko yìí. Ṣé Olúwa ló di ẹsẹ̀ yín mú ni?"

"Alàgbà ló kọ́ wa, Ìyá Ìjọ."

"Alàgbà náà ti ní òun ṣì í."

Díákónì Ye gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára aáyù kan, ó tò ó sórí àwọn yòókù. "Ṣé ẹ rí i, a ti ṣe Àmín."

Obìnrin tó ti da Bíbélì kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta gbọn iyẹ̀pẹ̀ oko náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó yíjú padà láti máa lọ, ó sì rí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá oko, fìlà lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìparí oṣù kẹfà bí wọ́n ṣe wí. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ Ọjọ́rú. Pil-lye jáde nílé ìwòsàn, ó ń ro ohun tí yóò sọ fún Dong-chae lórí fóònù, àfi ariwo kan: ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tó fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn. Alàgbà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, jókòó níwájú pẹ̀lú fìlà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti tẹ́ kùbùsù àti tìmùtìmù sínú kẹ̀kẹ́, ó sì ti so agboòrùn mọ́ ọn.

"Wọlé," ló wí.

Kìlómítà mẹ́rìnlá ni, wákàtí kan àbọ̀ sì ni ẹ̀rọ náà fi rìn ín. Gbogbo mọ́tò tó wà ní etíkun ló fọn fèrè sí wọn.

"Ọdún mẹ́rin ni kí wọ́n tó tún dìbò," ni Pil-lye wí láti ẹ̀yìn.

"Mo mọ̀."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ó sì máa lọ bá Díákónì Ye lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi yé e."

"Mo lọ lánàá. Kò gbọ́."

"Ẹ tún lọ lọ́la. Ẹnu tó kọ́ ọ ni kó tú u. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ nígbà náà ni, ọdún kìíní, kí ó tó gbó mọ́ wọn lára, inú bọ́ọ̀sì ni ǹ bá wà báyìí, kì í ṣe nínú ohun tí a fi ń kó ajílẹ̀."

"Àmín," ni Alàgbà wí.

"Ẹ má ṣe Àmín sí mi. Ihò wà níwájú. Ẹ ṣáà máa wa ọkọ̀."