Páìpù Gáàsì Tí A Fi Sun Igi

Mo gbé ọmú sí ìkókó mi lẹ́nu láàárọ̀, kò mu. Kò sunkún, kò lajú dáadáa. Orí ti ń fọ́ èmi náà fún bí ọjọ́ mélòó kan, èébì ń gbé mi, ara mi wúwo bíi pé mo ṣe ṣíìfù méjì léra. Mo ti ń pè é ní àárẹ̀ ìbímọ. Àmọ́ ti ọmọ yìí já mi láyà.

Màámi ti wá láti Ọ̀yọ́ wá bá wa tọ́jú ọmọ ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Ẹ mọ àwọn ìyá wa: òtútù ò gbọdọ̀ fẹ́ sí ìyá ìkókó. Wọ́n fi ìró dí ihò afẹ́fẹ́ ara ògiri, wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n ń ki igi bọ sítóòfù onígi tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Bí mo bá ní orí ń fọ́ mi, wọ́n á ní, "Òtútù ló wọ̀ ọ́ lára. Sún mọ́ iná." Wọ́n á tún ki igi sí i.

Ní ọsibítù tí èmi àti Màámi gbé e lọ, a jókòó títí ìdí fi ń ro wá. Orí mi fúyẹ́, ọmọ lajú, ó sunkún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ká máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ló bi wá pé kí la fi ń mú ilé móoru. Mo ní igi ni. Ó ní ṣé orí ń fọ́ Màámi náà?

Mo bi wọ́n. Wọ́n wolẹ̀. "Ó ń fọ́. Mi ò fẹ́ wá ṣàìsàn sí yín lọ́rùn ni."

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ló fi í hàn: kábọ́ọ̀nù mónósáìdì, gáàsì tí kì í rùn, tí ojú ò rí, tó ń jáde bí igi ò bá jó dáadáa. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Èèyàn á máa mí, ara ò ní rí nǹkan kan gbà. Wọ́n fi ọ́síjìn sí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nímú. Ìbòmú ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ tán. Ẹ̀rù bà mí débi pé àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu.

Ẹni tó wá yẹ símínì wò, ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde lókè ilé, ní páìpù inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní láínà, iná gáàsì ni wọ́n ṣe é fún. Ó fẹ́lẹ́. Ooru àti èéfín igi ti jẹ ẹ́ luhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wa, ibẹ̀ ni gáàsì burúkú náà ń gbà wọlé. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó bá wa so sítóòfù mọ́ ọn ló ní irin ṣáà ni irin. Irin wo! Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ máa fi igi dáná dípò gáàsì, ẹ yọ láínà gáàsì, ẹ gbá símínì, ẹ fi èyí tí wọ́n ṣe fún igi sí i. Ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́. Ẹ ra aago tó ń ké bí gáàsì yìí bá wọlé.

Orí fífọ́ ò tètè fi mí sílẹ̀. Ọmọ ló kọ́kọ́ yá. Màámi ò gbé e mọ́. "Ọwọ́ mi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa á," ni wọ́n ń wí. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, ó sú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kàn gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n fi etí lé e láyà, ó pẹ́. "Ó ń mí," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀yin náà ń mí, Màámi."

Omi bọ́ lójú wọn. Èmi náà mí kanlẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo rí afẹ́fẹ́ fà símú.