Bọ́tìnnì Inú Ìbọn

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í ta ìbọn, kì í yìn ín, kò sì ní ẹyọ kan nílé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di àwọn ìbọn gígùn àtijọ́, àwọn olówó iyebíye tí èèyàn ń kó jọ, sínú àpótí, kí wọ́n lè dé ibi tí wọ́n ń lọ láìha. Bàbá Fóòmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń ṣe é nínú yàrá méjì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí àtẹ̀gùn onípákó mẹ́rìnlá gùn dé. Èmi ni mò ń kọ ìwé fún un.

Iṣẹ́ wà fún àtẹ̀gùn yẹn. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti di ẹrù tán, á fún ẹni tó ni ín ní àga àti omi tútù, á gbàdúrà ṣókí lórí àpótí, á ní àmín, á sì fi ẹsẹ̀ tì í sísàlẹ̀. Gbì, gbì, gbì, títí dé ilẹ̀. Kì í sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Lọ́yà kan fò tẹ̀ lé àpótí tirẹ̀ lọ́jọ́ kan; nǹkan kan ò ṣe ìbọn, gìgísẹ̀ bàtà lọ́yà ló já. Tí wọ́n bá bú u tán, á ní, "Ẹ má bínú. Àwọn tó máa gbé e lọ́nà ò mọ̀ yín rí. Bí èmi tí mo mọ̀ yín bá lè ṣe é báyìí, kí lẹ rò pé àwọn máa ṣe?"

Mo bi í léèrè rí pé, "Bọ̀ọ̀dá, bó bá jẹ́ Ọlọ́run lẹ gbọ́kàn lé, kí lẹ tún ń jù ú fún? Bó bá sì jẹ́ fóòmù ni, àdúrà ti kí ni?"

Ó ń gé fóòmù lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Àbúrò, mi ò tíì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ ṣẹ èyíkéyìí."

Ọmọ ìjọ ni mí, ó yẹ kí n bá a wí. N kò bá a wí. Ọdún tí ọkọ mi wọ ilé ìwòsàn, àdúrà ni mo fi wé e láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì padà wálé. Mo ṣì ń gbàdúrà láràárọ̀. Kí n má purọ́, ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń dẹtí sí i, bóyá nǹkan ń ró nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá kan gun àtẹ̀gùn náà wá. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, opó, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Oòrùn ń mú, síbẹ̀ kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wọ̀, ó de bọ́tìnnì idẹ márààrún rẹ̀ títí dé ọrùn. Awakọ̀ rẹ̀ gbé ìbọn olójú méjì kan tẹ̀ lé e, ó sì padà sídìí ọkọ̀. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ kan lókè òkun ló fẹ́ gba ìbọn méjìlá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ bàbá náà sábẹ́ wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Òun náà fọwọ́ sí i. Ọkàn rẹ̀ ni kò tíì fi sí i.

"Wọ́n ní o máa ń ju ẹrù ẹlẹ́rù sí àtẹ̀gùn," ló sọ, kí ẹ̀gbọ́n mi tó kí i tán.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Lọ́yà tí bàtà ẹ̀ já." Ó jókòó. "Jù ú. Àmọ́ bí nǹkan kan bá ró nínú àpótí yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, mò ń gbé ìbọn ọkọ mi padà sílé nìyẹn, o ò sì ní fojú kan mọ́kànlá tó kù."

"Màmá, ọdún kejìlélógún rèé, kò ró rí."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́," ni Màmá wí.

Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni ìbọn mọ́kànlá. Ilé iṣẹ́ ńlá kan sì ti ṣí sí òpópónà kejì, àwọn oníbàárà wa ti ń ṣẹ́rí síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí tàwọn Màmá bá tún lọ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kó ẹrù wa kúrò nínú yàrá náà.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ìbọn, ó fi ìka wo ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta pé ọta ò sí níbẹ̀, ó ní kí èmi náà wò ó, ó ní kí Màmá wò ó. Ó ya fọ́tò rẹ̀, mo da nọ́ńbà ara rẹ̀ kọ. Ó yọ irin kúrò lára igi, torí pé ibi tí wọ́n ti so pọ̀ gan-an ni igi ti máa ń là bí àpótí bá já bọ́. Ó fi òróró díẹ̀ nu irin náà, ó fi bébà fẹ́lẹ́ wé ara rẹ̀. Fóòmù ti wà nílẹ̀, ó ti gé e bí ẹni gé aṣọ fún ìyàwó, ihò irin lọ́tọ̀, ihò igi lọ́tọ̀. Lára páálí ìta, a kì í kọ pé ìbọn ló wà nínú rẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn agbẹ́rù ló ń sọ ìyẹn. Olè pàápàá mọ̀wé kà.

"Téèpù yẹn ti gbó," ni Màmá wí.

Kò gbó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá kejì lọ mú òmíràn.

"Ọmọ mi, bá mi bu omi sí i," ni Màmá sọ fún mi. Mo lọ.

Nígbà tí a padà, Màmá jókòó bó ṣe jókòó, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé irin náà ní gbalaja, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó tẹ́ ẹ sínú ihò rẹ̀. Ó pa àpótí dé, ó gbé e sínú páálí, ó fi fóòmù dí igun gbogbo, ó lẹ̀ ẹ́. Ó gbàdúrà. Àmín. Ó tì í.

Gbì, gbì, gbì. Láàárín gbì kan sí èkejì, mo gbọ́ ọ: kírín, kírín.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń rẹ́rìn-ín lásìkò yìí, di ògiri mú.

"Kí nìyẹn?" ni Màmá béèrè jẹ́jẹ́.

Nínú ọkàn mi mo ní, Olúwa, ṣé ẹ tún ti ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e gòkè, ó tú u. Igi ò là, kò tilẹ̀ ha. Ó gbé irin, ó dà á kọ ilẹ̀. Bọ́tìnnì idẹ kan yọ látinú ihò, ó jábọ́ sórí tábìlì, ó yí lọ, yí bọ̀, ó sùn. Gbogbo wa wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo wo kóòtù Màmá. Fọ́nrán òwú kan ń fì dirodiro níbi tó yẹ kí bọ́tìnnì kẹta wà. Ó fi ọwọ́ bò ó, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Màmá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ìbọn àkọ́kọ́ tí mo máa rí tí wọ́n fi bọ́tìnnì kì rèé."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá etí ẹ ṣì gbọ́rọ̀ ni."

"Ó gbọ́rọ̀. Ẹ ní bó bá ró. Ó sì ró. Àdéhùn ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìbọn náà fún un láti gbé lọ sílé. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ inú ni àbí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́.

Màmá ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ló máa ń wà," ó ní. "Ọdún mẹ́tàlélógójì. Bí mo bá jí, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rí, kí n tó rí bàbá fúnra ẹ̀."

"Ẹ máa gbé e lọ, Màmá."

"Ta ló ní kí n gbé e lọ? Tún un dì. Èmi ni mo máa tì í."

Nígbà tó dì í tán, ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbàdúrà. "O ti gbà á lẹ́ẹ̀kan," ni Màmá wí. "Ṣé èyí yẹn ti bàjẹ́ ni?" Ó fi bàtà ti àpótí náà. Gbì, gbì, gbì. Ó di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé páálí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ irú ìdẹtí bẹ́ẹ̀.

"Kò ró," ó ní, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Kó tó lọ, mo fi abẹ́rẹ́ rán bọ́tìnnì náà padà fún un. Ó ní kí n má rán an le jù.

Ẹyọ kan lóṣù ló ń gbé wá báyìí; kò gbà kí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tó bá ń bọ̀, orí àtẹ̀gùn ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dúró sí, á ka kóòtù náà láti ọrùn wá sísàlẹ̀, kó tó yà fún un lọ́nà.

"Márùn-ún. Ẹ káàbọ̀, Màmá."